Èrìgì Tí Ó Ń Ṣẹ̀jẹ̀ Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nìkan

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù ti ẹ̀ka wa, tí àwọn ará ní kí a tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn

Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí akọ̀wé ti ka àkọlé ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní owó oṣù kò tó ná, oúnjẹ ń gbówó lórí, ẹ wá ń bá wa sọ̀rọ̀ eyín. A gbọ́. Ọ̀rọ̀ owó oṣù wà nínú ètò ìpàdé, a ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fún wa ní àkókò díẹ̀, nítorí ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí rántí ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó wà ní ẹ̀ka ìdì-ọjà. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí a sọ ọ́. Ọkùnrin náà ga, ó síngbọnlẹ̀, òun ni ó máa ń dá orin nígbà tí a bá ń ti ẹ̀rọ tí ó wúwo. Bí ó bá fọ ẹnu láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni ó máa ń tu sílẹ̀. Àwa náà wà lára àwọn tí ó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ó ti jẹ obì pupa yó. Ó lọ sí kílíníìkì ibi iṣẹ́, wọ́n fún un ní oògùn ara ríro. Eyín rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì, wọ́n fà á. Òmíràn mì, wọ́n fà á. Láàárín ọdún 3, eyín 5 ti kúrò lẹ́nu ẹni tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún. Kò sí ẹni tí ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kò sí ẹni tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Lẹ́yìn náà ni bàtà iṣẹ́ bó o ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Egbò kékeré ni, a rò pé yóò jinná ní ọ̀sẹ̀ kan. Kò jinná. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọsibítù ńlá, ẹsẹ̀ ti dúdú. Àwa méjì nínú ẹgbẹ́ ni a jókòó tì í ní orí ibùsùn nígbà tí dókítà ń bi í ní ìbéèrè. Dókítà ní, "Bàbá, ṣé eyín yín kò ti ń mì ṣáájú kí ẹsẹ̀ yìí tó dé?" A wo ara wa lójú. Àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ti wà lára ọkùnrin yìí láti ọdún pípẹ́, èrìgì rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Owó tí ilé-iṣẹ́ san fún un nígbà tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọsibítù ni ó gba púpọ̀ nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀, tí a sì ń kà. Ohun tí a rí ni a fẹ́ sọ.

Bí ẹ bá fi èékánná ha ìdí eyín yín láàárọ̀ kí ẹ tó fọ ẹnu, ẹ ó rí ohun funfun kan tí ó rọ̀, tí ó ń yọ̀. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni. Kòkòrò àìfojúrí ni ó kún inú rẹ̀. Bí a bá fọ̀ ọ́ kúrò lójoojúmọ́, kò sí wàhálà. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, yóò gan mọ́ ara eyín bí èérí tí ó máa ń dì mọ́ inú rédíétọ̀ ọkọ̀, yóò le bí òkúta. Nígbà tí ó bá ti le báyìí, búrọ́ọ̀ṣì kò lè ṣí i mọ́, pákò kò lè ṣí i, irinṣẹ́ dókítà eyín nìkan ni ó lè họ ọ́ kúrò. Èrìgì tí ó wà nítòsí rẹ̀ yóò pọ́n, yóò wú, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀. Ní ìpele yìí, ọ̀rọ̀ kò tíì bàjẹ́. Ẹni tí ó bá tọ́jú ara rẹ̀, èrìgì rẹ̀ yóò padà sí bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èrìgì yóò ṣí kúrò lára eyín, ihò yóò wà láàárín wọn bí àpò, ọyún yóò máa kó sínú rẹ̀, egungun tí ó di eyín mú yóò sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé kì í sábà dun ni. Ihò inú eyín a máa mú kí àgbàlagbà sunkún lóru. Àrùn èrìgì kì í ké, bí ikán inú òpó ni ó ń ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2022 pé àwọn tí èyí tí ó le nínú àrùn yìí wà lára wọn ní gbogbo ayé tó 1 bílíọ̀nù ènìyàn.

Ẹ wò ó báyìí. Bí egbò tí ń ṣọyún bá wà ní ojúgun ẹnì kan fún ọdún 5, ta ni kò ní gbé e lọ sí ọsibítù? Ṣùgbọ́n nítorí pé inú ẹnu ni ó wà, tí ètè bò ó, a ó máa rìn kiri pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń kọjá ní èrìgì náà ni ó ń lọ sí ọkàn, òun ni ó ń lọ sí kíndìnrín, òun náà ni ó ń dé ẹsẹ̀.

Nínú gbogbo àrùn tí wọ́n ń sọ pé ó bá èrìgì tan, àtọ̀gbẹ ni ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ, ọ̀nà méjì ni ó sì gbà. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké a máa bàjẹ́, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá kòkòrò jà yóò rọ, egbò kò ní tètè jinná. Èrìgì a máa wà lára àwọn ibi tí yóò kọ́kọ́ hàn sí. Ọ̀nà kejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ rí: ara tí ó ń bá egbò èrìgì jà tọ̀sán-tòru, ìjà náà kì í jẹ́ kí ínsúlínì tí ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ṣúgà yóò tún gòkè. Ọ̀kan ń ti èkejì, bí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn onímọ̀ ti ṣe àyẹ̀wò lórí èyí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá tọ́jú èrìgì alátọ̀gbẹ dáadáa, ṣúgà rẹ̀ a máa wálẹ̀ díẹ̀ láàárín oṣù 3 sí 4. A ní díẹ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ju oògùn ṣúgà rẹ̀ nù kí ó sọ pé aṣojú òṣìṣẹ́ ní kí òun máa fọ eyín.

Nítorí náà, ẹni tí èrìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ní gbogbo ìgbà, tí ó ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, tàbí awakọ̀ tí ó jẹ́ pé láti Ìbàdàn dé Èkó ó ti dúró tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ díẹ̀ ní orí ìka ni, kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ti ọkàn ńkọ́? Níbí, a ó sọ òótọ́ bí a ti rí i. Òótọ́ ni pé àwọn tí àrùn èrìgì wà lára wọn ni àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ ń bá jà jù, wọ́n sì ti rí kòkòrò ẹnu nínú ọ̀rá tí ó dí iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 2012, wọ́n ní àwọn méjèèjì ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rí pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Agboòrùn àti òjò a máa rìn pọ̀, agboòrùn kọ́ ni ó ń fa òjò. Sìgá ń ba èrìgì jẹ́, ó ń ba ọkàn jẹ́. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ohun tí kò sí iyèméjì nínú rẹ̀ ni ti ẹni tí ilẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀ ti ní àbùkù tẹ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí i. Kòkòrò láti ẹnu lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ jókòó síbẹ̀, ó sì lè pa á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà eyín kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí wọn yóò kọ́kọ́ fún ní oògùn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ìránṣọ: èrìgì a máa ṣẹ̀jẹ̀ nígbà oyún, ẹ má sọ pé oyún ni, yóò lọ. Kò léwu kí aboyún lọ tọ́jú èrìgì rẹ̀. Kí ó ṣáà sọ fún wọn pé òun lóyún.

Ó yẹ kí a yà díẹ̀ sí ìtàn, nítorí ọ̀rọ̀ èrìgì àti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Àwọn atukọ̀ ojú omi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ bíi tiwa ni wọ́n, a máa lo oṣù púpọ̀ lórí òkun láìrí èso, láìrí ẹ̀fọ́ tútù. Èrìgì wọn a wú, a dúdú, a jẹrà, eyín a máa já bọ́, lẹ́yìn náà wọn a kú. Ní 1747, dókítà ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ James Lind mú atukọ̀ 12 tí àìsàn náà ń ṣe, ó pín wọn ní méjì méjì, ó fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀. Àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn àti òroǹbó ni ara wọn yá. Ọsàn lásán! Ṣùgbọ́n 1795 ni àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún àwọn atukọ̀ ní omi òroǹbó. Ọdún 48 ni wọ́n fi sùn lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé lẹ́tà tí a kọ sí àwọn alákòóso ti pẹ́ jù, ẹ rí i pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí ó wọ̀ wá lára jù ni ti àwọn obìnrin oníṣáná. Ní Bow, ní ìlà-oòrùn London, ilé-iṣẹ́ Bryant & May ni wọ́n ti ń ṣe ìṣáná, àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun ni wọ́n fi ń ṣe orí ìṣáná nígbà náà. Èéfín rẹ̀ a máa wọ ẹnu, a máa dé egungun níbi tí eyín bá ti jẹrà tàbí tí èrìgì ti ṣí. Bí eyín dídùn ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, èrìgì yóò wú, lẹ́yìn náà egungun àgbọ̀n yóò máa kú, yóò máa rà, òórùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ará ilé lè jókòó tì í. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n ti ń jẹun. Bí ọmọbìnrin bá sì pẹ́ dé, tàbí tí ó sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọn yóò yọ owó ìtanràn nínú owó rẹ̀ tí kò tó nǹkan. Ní oṣù Keje 1888, nǹkan bí 1,400 nínú wọn da iṣẹ́ sílẹ̀. Kò tó oṣù kan tí ilé-iṣẹ́ fi gbà: owó ìtanràn dópin, wọ́n sì ṣèlérí yàrá ìjẹun lọ́tọ̀, kúrò níbi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Àwọn obìnrin náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tán níbẹ̀. Ní 1898 wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí pé ó fi ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí àgbọ̀n wọn ti rà pamọ́, kò sọ fún ìjọba. Owó tí wọ́n ní kí ó san kò ju nǹkan bíi £25 lọ. Ní 1906, àwọn orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí ìwé ní Berne pé kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun kúrò nínú ìṣáná. Bìrìtéènì ṣe òfin tirẹ̀ ní 1908, ó sì mú un ṣẹ ní 1910.

Ẹ má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ bátìrì, ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ òjé, tí ẹ ń jó rédíétọ̀, ẹ lọ wo èrìgì yín nínú dígí. Òjé tí ó bá pọ̀ nínú ara lè fi ìlà dúdú bíi aró sí etí èrìgì, níbi tí ó ti kan eyín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí òjé wà lára rẹ̀ ni ìlà náà ń hàn lẹ́nu rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí i kò gbọ́dọ̀ dúró. Òjé ń ba ọpọlọ jẹ́, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń bá aṣọ iṣẹ́ wọlé lọ bá àwọn ọmọ. Ní Zamfara ní 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà pa ọmọdé tí ó lé ní 400. Kí ẹnikẹ́ni má jẹun ní ṣọ́ọ̀bù bátìrì. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó lọ sílé.

Bátìrì ni a ń sọ, ó yẹ kí a bá àwọn ará gáréèjì sọ èyí tí wọ́n ń ṣe tí kò dára. Bí eyín bá ń dùn wọ́n, wọn a da omi bátìrì sí i. Ásíìdì ni! Òun ni ó ń jẹ irin. Ó lè pa eyín náà lára títí tí kò fi ní dùn mọ́, ṣùgbọ́n yóò jó èrìgì, yóò pa egungun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa tú ìyẹ̀fun inú kápúsù sí i, àwọn mìíràn a fi ògógóró sẹ́nu, wọ́n ní àwọn ń pa kòkòrò. Bí ẹ bá sì rí i pé abẹ́ àgbọ̀n ẹnì kan wú, tí kò lè la ẹnu, tí kò lè gbé itọ́ mì, tí mímí ń ni ín lára, ẹ má ṣe dúró di àárọ̀. Wíwú náà lè dí ọ̀nà ọ̀fun. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ ní òru náà.

Sìgá ńkọ́? Ó ń ṣe ohun kan tí ó jọ ẹ̀tàn. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dínkù ní èrìgì, nítorí náà èrìgì ẹni tí ń fa sìgá lè máà ṣẹ̀jẹ̀ bí ó tilẹ̀ ti bàjẹ́ lábẹ́. Òun yóò máa yangàn pé ẹnu òun dá ṣáká. Áàṣà kò sàn jù ú lọ. Awakọ̀ òru tí ó ń fi sìgá, paraga àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé oorun lọ, ẹnu rẹ̀ ni ó ń fi san owó rẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹ lọ ra ohun olówó ńlá. Pákò àwọn baba wa dára. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ yẹ orin ata àti àwọn orin mìíràn wò, wọ́n rí i pé omi inú wọn a máa dá àwọn kòkòrò ẹnu lẹ́kun. Àṣìṣe tiwa ni pé eyín iwájú nìkan ni a ń fi í fọ̀, ọkọ̀ yóò ti Ìyànà Ìpájà dé Òṣòdì, pákò kò ní kúrò lójú kan. Ẹ jẹ ẹ́ títí tí yóò fi rọ̀ bí búrọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e dé eyín ẹ̀yìn, ẹ gbé e dé inú, ẹ gbé e dé ibi tí eyín àti èrìgì ti pàdé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tí ó ń lo búrọ́ọ̀ṣì, kí ó ra èyí tí ó rọ̀, kí ó fi ọṣẹ ìfọyín tí fúlóráìdì wà nínú rẹ̀ fọ ẹnu fún ìṣẹ́jú 2, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Èyí tí a ń fọ̀ kí a tó sùn ni ó ṣe pàtàkì jù. Fún òṣìṣẹ́ òru, àárọ̀ ni ìyẹn. Bí èrìgì bá sì ṣẹ̀jẹ̀ bí ẹ ti ń fọ̀ ọ́, ẹ má sá fún ibẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ó ń fẹ́ fífọ̀. Bí kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ lọ bá dókítà. Igi ìgbálẹ̀ tí a fi ń yọ ẹran láàárín eyín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ilẹ̀ gbígbá.

Wàyí o, ti ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ wa ti kọ ìwé sí àwọn alákòóso. Ohun tí a béèrè ni pé kí kílíníìkì dẹ́kun eyín fífà nìkan, kí wọ́n máa rán òṣìṣẹ́ lọ họ eyín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, kí wọ́n máa yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo wa wò nígbà kan náà, kí a má sì yọ owó ọjọ́ náà. A tún béèrè yàrá ìjẹun àti ibi ìfọwọ́ fún àwọn ará ìdí kẹ́míkà. Èsì tí wọ́n kọ́kọ́ fún wa ni pé eyín jẹ́ ọ̀rọ̀ ara ẹni. A dá wọn lóhùn pé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ara ẹni, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ wọn ni ó ti lo agbára rẹ̀. Wọ́n ti ní kí a wá jókòó, a ó sì lọ. Ẹ rántí pé òfin ètò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ènìyàn wà nínú ètò ìlera. Kí olúkúlùkù lọ béèrè ohun tí ìwé tirẹ̀ gbà fún eyín. Ọ̀pọ̀ wa ni a ń san owó ohun tí a kò lò rí.

Kí ìpàdé yẹn tó wáyé, dókítà eyín kan ti gbà láti wá wo ẹnu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní gbọ̀ngàn yìí ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, nọ́ọ̀sì kan yóò sì wà níbẹ̀ tí yóò máa yẹ ṣúgà wò. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Àwọn awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni a ó kọ́kọ́ dá lóhùn kí wọ́n lè tètè gbé ọkọ̀. Ẹ mú ìyàwó tàbí ọkọ yín wá bí ẹ bá fẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa tí a sọ ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ pé òun náà yóò wá pẹ̀lú ọ̀pá òun, ó ní kí a gbé àga òun sí ẹnu ọ̀nà kí gbogbo ẹni tí ó bá ń wọlé lè rí òun.

Akápò, ó kàn yín. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ó kù.